Òfin Ráìmù àti Àwọn Akéwì Tó Kọ̀ Ọ́

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, mo kọ ewì kan nípa gààrí. Ewì náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí:

Ẹ̀gẹ́ wà lábẹ́ òkúta, ó ń sunkún;
Ìyá wà nídìí iná, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀gẹ́ sunkún tán, ó di gààrí;
Ìyá rẹ́rìn-ín tán, ó di àárẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé Ìrókò rí, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn abúlé tó yí wa ká, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́ tán, inú àpò ni a ń rọ ọ́ sí. A ó gbé òkúta ńláńlá lé e lórí, omi rẹ̀ yóò sì máa ro tótó títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a ó jọ̀ ọ́, tí a ó sì yan án. Omi tó ń ro lára àpò yẹn ni mo pè ní ẹkún. Inú mi dùn sí i nígbà tí mo rí i, mo sì rò pé mo ti kọ ewì.

Mo fi ewì náà sílẹ̀ fún ìdíje kan. Nígbà tí ìwé mi padà dé, ẹnì kan ti fi báírò pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò ní ráìmù, nítorí náà kì í ṣe ewì. Ohun tí ó ń pè ní ráìmù ni pé kí ìparí ìlà kan àti ìparí ìlà mìíràn máa dún bákan náà, bí a ṣe ń rí i nínú ewì Òyìnbó. N kò wá síbí láti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà ní àádọ́ta ìwé láti kà ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Mo jókòó, mo tún ewì mi kọ, mo sì wá ráìmù sí i:

Ẹ̀gẹ́ wà lábẹ́ òkúta nínú àpò;
Ìyá wà nídìí iná, ó ń rò.
Omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn lọ sínú kòtò;
Lórí igi ni ẹyẹ àparò.

Ẹ wo ìlà kẹrin yẹn. Ta ló pe àparò? Àparò kì í tilẹ̀ gun igi báyẹn. Inú koríko ló ń gbé, gbogbo ọmọ tó ti lọ sóko rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ráìmù ló gbé ẹyẹ ẹlẹ́yẹ gun igi nítorí pé mo ń wá ọ̀rọ̀ tó parí pẹ̀lú ò. Ìyá tó wà nídìí iná sì ń rò. Kí ni ó ń rò? Èmi gan-an tí mo kọ ọ́ kò mọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ibi tí òfin yìí ti wá. Lítíréṣọ̀ Òyìnbó wà lára iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sì lérò pé àwọn tó ni òfin ni yóò mọ ìtàn rẹ̀ jù. Mo wá àwọn akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1500 títí di 1700, nítorí àsìkò yẹn ni èdè wọn ń wá aṣọ tí yóò wọ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ yà mí lẹ́nu. Àwọn gan-an jà lórí ráìmù. Wọ́n jà á kíkan kíkan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti sonnet, nítorí òun ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún wa jù lọ. Ewì onílà mẹ́rìnlá ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ni ín. Ọwọ́ àwọn ará Ítálì ni wọ́n ti gbà á, pàápàá jù lọ lọ́wọ́ Petrarch tó gbé ayé ní nǹkan bí igba ọdún ṣáájú wọn. Thomas Wyatt, tó kú ní 1542, ló kọ́kọ́ gbé e dé. Ó ń túmọ̀ ewì Petrarch, ó sì ń yí wọn padà bó ṣe ń túmọ̀ wọn. Ọ̀rẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú èyí ni Henry Howard, ẹni tí wọ́n ń pè ní Surrey, tí Ọba Henry Kẹjọ ní kí wọ́n bẹ́ lórí ní oṣù kìíní ọdún 1547.

Surrey ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Nínú sonnet àwọn ará Ítálì, ráìmù mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló ń yí ká nínú ìlà mẹ́rìnlá. Ìyẹn kò nira fún wọn, nítorí fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tó bára dọ́gba sì pọ̀ lọ súà. Ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì ló ń parí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríṣiríṣi ni wọ́n, ráìmù sì wọ́n níbẹ̀. Kí ni Surrey ṣe? Ó gé aṣọ náà mọ́ ara èdè rẹ̀. Ó sọ ráìmù mẹ́rin di méje, méjì méjì, kí ẹni tó ń kọ̀wé lè rí èémí mí. Èyí ni Shakespeare gbà lò nínú sonnet 154 tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1609. Nígbà tí wọ́n bá ní kí a kọ ọ́ sínú ìdánwò pé abab cdcd efef gg ni ti Shakespeare, ohun tí a ń kọ sílẹ̀ ni àmì ibi tí ẹnì kan ti sọ pé, "Aṣọ yìí fún mi jù, ẹ jẹ́ kí n tú u rán."

Surrey kan náà ló tún kọ́kọ́ kọ ewì Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní ráìmù rárá, nígbà tó ń túmọ̀ ìtàn Virgil láti inú èdè Látìn. Ìlà rẹ̀ ní sílébù mẹ́wàá mẹ́wàá, tí ohùn ń tẹ̀ mọ́ èyí tó ṣe ìkejì, tó ń fo èyí tó ṣe ìkíní. Ìtẹ̀mọ́ yìí ni Òyìnbó ní. Wọn kò ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Ẹ tún fi èyí náà sọ́kàn.

Ní 1602, Thomas Campion tẹ ìwé kan jáde láti fi bá ráìmù jà. Ó ní kò bójú mu fún ewì gidi, pé ó ń fa èrò akéwì gba ọ̀nà tí kò fẹ́ gbà. (Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ìyẹn. Mo rántí àparò mi.) Ó pa mí lẹ́rìn-ín ju bẹ́ẹ̀ lọ pé Campion yìí kan náà jẹ́ olórin, tí àwọn orin tó kọ kún fún ráìmù tó dùn. Ní 1603, Samuel Daniel dá a lóhùn, ó gbèjà ráìmù. N kò rò pé ó yẹ kí n bínú sí Daniel, nítorí ìdí tó fi gbè é ni ohun tó ṣe pàtàkì. Kò sọ pé láìsí ráìmù kò sí ewì ní gbogbo ayé. Ohun tó ń sọ ni pé ráìmù ti di àṣà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó bá èdè wọn mu, àti pé kò yẹ kí ẹnì kan tìtorí pé àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù kò lò ó kó àṣà ilé dànù. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ Daniel, ẹni tó fẹ́ràn ráìmù jù, tí a gbé e wá sí Ìrókò, ẹ̀yìn mi ló máa dúró sí. Òun náà yóò béèrè pé kí ni àṣà ilé yín.

Lẹ́yìn wọn ni John Milton wá. Ó ti fọ́jú pátápátá láti nǹkan bí 1652. Ẹnu ló fi ń pe Paradise Lost, tí àwọn ẹlòmíràn ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀, ìlà tó lé ní ẹgbàárùn-ún. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó ń fi ẹnu kéwì láìrí ìwé sún mọ́ àwọn oníjàálá àti àwọn babaláwo wa ju bí a ṣe ń kọ́ ọ ní kíláàsì lọ. Ìwé náà jáde ní 1667, kò sì ní ráìmù. Àwọn òǹkàwé ń béèrè ìdí rẹ̀. Ní 1668, òǹtẹ̀wé ní kí Milton ṣe àlàyé ráńpẹ́ sí iwájú ìwé. Milton kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní ráìmù kì í ṣe ohun kò-ṣeé-má-nìí fún ewì tó dára, pé ìgbà ọ̀làjú kò tíì dé ni wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ láti fi bo àbùkù ewì tí kò dára. Akéwì ńlá mìíràn, John Dryden, mú ìtàn náà, ó fi ráìmù sí i, ó sọ ọ́ di eré, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní 1677. Ẹ lọ bi àwọn olùkọ́ yín léèrè, mélòó nínú wọn ló ti ka ti Dryden? Ti Milton ni ayé mú.

Nítorí náà, bí ẹni tó fi báírò pupa kọ̀wé sí ewì mi bá rí ewì Milton láìsí orúkọ lórí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó kọ ohun kan náà sí i.

Síbẹ̀, a kò lè fi Milton nìkan jàre. Bí mo bá ní pé Òyìnbó kan kọ̀ ráìmù nítorí náà èmi náà lè kọ̀ ọ́, ẹ̀yìn Òyìnbó ni mo ṣì ń tọ̀. Ohun tó yẹ kí n wò ni èdè tèmi, bí Surrey ṣe wo tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Fáwẹ̀lì ló ń parí gbogbo sílébù wa, àyàfi ìwọ̀nba tó jẹ́ ti aránmúpè. Fáwẹ̀lì àìránmúpè wa kò ju méje lọ. Ìyẹn túmọ̀ sí pé bí mo bá ya ìlà ewì méjèèjì láìronú, ó ṣeé ṣe gan-an kí fáwẹ̀lì kan náà parí wọn. Ohun tó bá pọ̀ bí iyanrìn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ráìmù Gẹ̀ẹ́sì dùn nítorí pé ó ṣòroó rí. Òǹkàwé ń retí rẹ̀, ó ń bẹ̀rù pé akéwì kò ní rí i, nígbà tí akéwì bá sì rí i, inú òǹkàwé á dùn. Ti Yorùbá kò ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ìdí kejì tún wà tó lágbára jù ú lọ. Ẹ kọ ọkọ́ sí ìparí ìlà kan, kí ẹ kọ ọkọ̀ sí ìparí èkejì. Lójú ìwé, ráìmù nìyẹn. Ṣùgbọ́n etí kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan gòkè, èkejì balẹ̀. Etí Yorùbá ti gbọ́ ohùn kí ó tó gbọ́ fáwẹ̀lì.

Ibí yìí ni ewì tiwa ti rí ohun ọ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1984 lórí àwọn àbùdá ewì alohùn Yorùbá: àwítúnwí, ìfọ̀rọ̀wọ́rọ̀, gbólóhùn méjì tí a to bákan náà, àti ohùn tí a fi ń ko ohùn lójú. Ẹ mú òwe tí gbogbo wa mọ̀: bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Kò sí ráìmù tí ẹnikẹ́ni dìídì wá níbẹ̀. Ọlọ́gbọ́n àti ọ̀mọ̀ràn ló dojú kọ ara wọn ní ipò kan náà, bí ìbejì tí ìwà wọn kò papọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí a lè rántí rẹ̀.

Mo wá padà sí ewì gààrí mi, mo sì rí i pé mo ti ṣe é láìmọ̀. Ìlà kẹta parí sórí gààrí, ohùn rẹ̀ gòkè. Ìlà kẹrin parí sórí àárẹ̀, ohùn rẹ̀ balẹ̀. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ fi ẹnu súfèé rẹ̀ láìpe ọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ ní kí onídùndún lù ú. Ohùn tó balẹ̀ yẹn ni àárẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àpò àti kòtò.

Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbé òfin èdè kan lé èdè mìíràn lórí. Àwọn tó túmọ̀ orin ìyìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, títí kan ti Isaac Watts tó gbé ayé láti 1674 sí 1748, ka sílébù kí ó lè bá orin Òyìnbó mu. Sílébù pé, ṣùgbọ́n orin kò mọ ohùn. Bí orin bá gbé sílébù ìkẹyìn nínú ọkọ̀ sókè, ọkọ́ ni a ń kọ, irin tí a fi ń ro oko. Àwọn ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí àwọn bíi Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tó gba orin sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, fi kọ orin tó tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Kírísítì ní Èkó, sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Wọn kò kórìíra orin Òyìnbó. Wọ́n kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró sórí ìtumọ̀ rẹ̀ ni.

Ní báyìí, bí mo bá ní kí n dárúkọ akéwì kan tó yẹ kí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyẹn, n kò ní lọ jìnnà. Ìbàdàn ni màá lọ. D. A. Ọbasá ni olóòtú The Yoruba News, ìwé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1924. Ó tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927, Ìwé Kejì ní 1934, Ìwé Kẹta ní 1945. Ṣáájú rẹ̀, J. Ṣóbọ̀wálé Ṣówándé, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ṣóbọ̀ Aróbíodu, ti ń kọ ewì sílẹ̀ ní èdè Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta. Ọbasá ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ẹjọ́ rẹ̀ jọ tèmi. Bí wọ́n ṣe ní ewì mi kì í ṣe ewì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ní Ọbasá kì í ṣe akéwì. Wọ́n ní alákòójọ ni, pé ó kàn kó òwe, àlọ́ àti ọ̀rọ̀ àgbà jọ, ó to wọ́n sábẹ́ àkọlé, ó sì tẹ̀ wọ́n.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn náà, n kò sì ní bò ó. Iṣẹ́ Ọbasá a máa rí báyìí: ó mú kókó kan, òwe tẹ̀ lé òwe lórí rẹ̀, àpèjúwe tẹ̀ lé àpèjúwe, tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ á máa há sáàrín wọn. Nígbà mìíràn ó ń rẹ òǹkàwé. A ó rí òwe márùn-ún tó ń sọ ohun kan ṣoṣo, tí ìkíní ti sọ ọ́ tán. Ó dà bí ẹni tó lọ sọ́jà Mọ́níyà tí kò lè fi nǹkan kan sílẹ̀, tó ń kó gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n kan wọn gbogbo wọn. Ewì Wyatt kò fi bẹ́ẹ̀ jáde nígbà tó wà láàyè. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1557, òǹtẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Richard Tottel kó ewì Wyatt, ti Surrey àti ti àwọn ẹlòmíràn jọ sínú ìwé kan. Tottel fi àkọlé sí wọn fúnra rẹ̀. Ó tún ìlà Wyatt tò níbi tí kò bá dán lójú tirẹ̀. Wyatt náà sì rèé, ọ̀pọ̀ èrò rẹ̀ ló jẹ́ ti Petrarch. Kò sí ẹni tó ń pe Wyatt ní olè, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń fi ti Tottel bẹ̀rẹ̀ ìtàn ewì àsìkò náà. Ọbasá nìkan ló ṣe iṣẹ́ Tottel àti iṣẹ́ Wyatt pọ̀. Ó kó o jọ, ó tò ó, ó tún un sọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí orí wa wú.

Ìyàtọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ gbà. A mọ orúkọ Petrarch. A kò mọ orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ pa òwe. Ó lè dà bíi pé Ọbasá gba ohun tí kò sí ẹni tó lè bá a du ú. Fún ìgbà díẹ̀, èyí dà mí láàmú. Lẹ́yìn náà ni mo tún wo àkọlé ìwé náà. Ti Àwọn Akéwì, kì í ṣe ti Akéwì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló pè ní akéwì níbẹ̀, kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan. Àwọn tí wọn kò lórúkọ wọ̀nyẹn, ìwé tó tẹ̀ ló fi oyè akéwì dá wọn lọ́lá.

Ohun tí mo rò pé Ọbasá ìbá rí kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ráìmù. Ohun tó wà lọ́wọ́ John Donne ni. Donne kú ní 1631, a sì tẹ ewì rẹ̀ ní 1633. Kí ó tó kú, ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n ń dà wọ́n kọ. Ewì rẹ̀ The Good-Morrow wà lára èyí tí WAEC yàn fún ọdún 2021 sí 2025, ọ̀pọ̀ wa ló sì ti kọ́ ọ sórí. Agbára Donne wà nínú pé yóò mú àpèjúwe kan, kò sì ní fi í sílẹ̀ títí yóò fi fún gbogbo omi inú rẹ̀ jáde. Nínú ewì mìíràn, ó fi ẹsẹ̀ méjì kọ́ńpáàsì, irú èyí tó wà nínú mathset wa, ṣàpèjúwe olólùfẹ́ méjì: ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ń yí ká, síbẹ̀ wọ́n so mọ́ra lókè, ẹsẹ̀ tó dúró a sì máa tẹ̀ tọ èyí tó rìn jìnnà. Kọ́ńpáàsì! Ohun tí a fi ń ya róbótó nínú ìṣirò. Samuel Johnson, tó wá ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn rẹ̀, bínú pé irú àwọn akéwì wọ̀nyí ń fi tipátipá so ohun tí kò jọra pọ̀. Èmi kò rí tipátipá níbẹ̀. Ẹni tó ti gbọ́ àlọ́ àpamọ̀ láti kékeré, tó mọ̀ pé òkú lè máa bá alààyè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò ní bẹ̀rù kọ́ńpáàsì.

Donne náà rí ìjà. Ben Jonson, akẹgbẹ́ rẹ̀, sọ nígbà tó lọ kí ọ̀rẹ́ kan ní Scotland ní 1619 pé ó yẹ kí wọ́n yẹgi fún Donne nítorí pé kò pa òfin ìtẹ̀mọ́ mọ́. Yẹgi, ẹ gbọ́ o! Báírò pupa tèmi ṣì rọ̀ díẹ̀.

Bí Ọbasá bá jẹ́ kí òwe kan ṣoṣo rìn jìnnà bí kọ́ńpáàsì Donne ṣe rìn, mo rò pé ìwé rẹ̀ ìbá túbọ̀ gbóná. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ṣe é. J. F. Ọdúnjọ fi ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ ní ohùn nìkan, iṣẹ́ àti ìṣẹ́, gbé odindi ewì dúró nínú Aláwíyé. Ọmọ wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni kò mọ̀ ọ́n sórí? Ẹ kà á wò nínú ọkàn yín báyìí, kí ẹ wá ráìmù nínú rẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo ráìmù nínú ewì Yorùbá. Bí ó bá wá fúnra rẹ̀, kí a gbà á bí àlejò. Ohun tí mo kọ̀ ni pé kí a sọ ọ́ di pọ́ọ̀sì tí gbogbo ewì gbọ́dọ̀ gbà kọjá, tí àwọn tó ni pọ́ọ̀sì náà fúnra wọn ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ láti 1667.

Nígbà tí mo rò pé mo ti jàre tán, mo lọ ka ewì mi àkọ́kọ́, èyí tí kò ní àparò, fún ìyá àgbà nídìí iná tí wọ́n ti ń yan gààrí. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa ìparí ìlà. Wọ́n ní, "O purọ́ ní ìlà kejì."

Mo ní, "Irọ́ wo, ìyá àgbà?"

Wọ́n ní, "Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbí? Ṣé o ò rí èéfín tó ń gbé mi lójú ni? Èmi àti ẹ̀gẹ́, àwa méjèèjì là ń sunkún."

Wọ́n jàre. Mo wo ojú wọn, omi ló ń bọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀rín tí mo fi sí ìlà kejì, àtakò tó dọ́gba ni mo ń wá tí mo fi fi í síbẹ̀, bí mo ṣe fi àparò sórí igi nígbà tí mo ń wá ráìmù. Mo ti wá yí i padà báyìí:

Ẹ̀gẹ́ wà lábẹ́ òkúta, ó ń sunkún;
Ìyá wà nídìí iná, ó ń sunkún.
Ẹ̀gẹ́ sunkún tán, ó di gààrí;

Ìlà kẹrin ni n kò tíì rí. Àárẹ̀ kò bá a mu mọ́, nítorí ìyá àgbà ní ó ti rẹ àwọn kí ẹkún tó bẹ̀rẹ̀.